Àwọn Ẹja Òkukù àti Orúkọ Tí Mo Kọ Sílẹ̀

Inísà,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Bàbá mi, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ,

Orí àga ni mo ti ń kí yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á sí ìkúnlẹ̀, nítorí orúnkún mi kò gbà mí láyè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó di ọdún kẹrin tí a ti tẹ́ yín sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkìrun, n kò sì tíì kọ̀wé sí yín rí. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ̀yin ni mo máa ń kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mi fún kí n tó lọ sọ ọ́ níta, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìdágbére fún tíṣà tó ń fẹ̀yìn tì. Ẹ ó fi pẹ́ńsù fàlà sí abẹ́ ibi tó bá wúwo jù, ẹ ó ní kí n tún un kà. Èyí tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìpàdé kankan. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Màmá, ṣùgbọ́n etí wọn ti ń di díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè pariwo irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ilé yín ṣì dúró dáadáa. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò ní yàrá ẹ̀yìn. Igi ìbẹ́pẹ tí ẹ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ti wó. Màmá ṣì ń tẹ́ aṣọ sí apá tiyín lórí bẹ́ẹ̀dì ní àràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Èmi ṣì wà ní Inísà níbí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì. Bí àlejò pàtàkì bá wá, èmi náà ni wọ́n ṣì ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi, pé mo mọ bí a ti ń yin ènìyàn kí inú rẹ̀ dùn kí iṣẹ́ rẹ̀ sì tún dára sí i. Ẹ̀bùn tí mo jogún lọ́wọ́ yín nìyẹn. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ kò bá ilé ẹja tó wà ní Òkukù láyé. Ọkùnrin kan ló dá a sílẹ̀, Bàbá Látúndé, ẹni tó lo gbogbo ìgbà iṣẹ́ wọn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n palẹ̀ ilé tí bàbá wọn fi ń kó kòkó pamọ́ sí mọ́, wọ́n to àpótí gíláàsì ńláńlá yí ògiri rẹ̀ ká, wọ́n pọn omi sí i, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi mọ́ ọn. Láti etí odò dé etí odò ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bẹ àwọn apẹja kí wọ́n má tíì pa èyí, kí wọ́n má tíì ta tọ̀hún. Ẹpìyà wà níbẹ̀, àrọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀bọ̀kún wà níbẹ̀. Ojìjí, tó ń gbọn ènìyàn lọ́wọ́ bí iná mànàmáná, wà nínú àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n rí nínú odò Ọ̀tìn, tí àwọn apẹja fúnra wọn ń sọ pé àwọn kò rí irú wọn nínú àwọ̀n mọ́. Bàbá Látúndé kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára pátákó kékeré ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà tó gún régé bíi tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé kó wò wọ́n títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ṣe irú èyí fún ìlú rẹ̀, tí kò dúró de ìjọba, tí kò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri kankan, ẹni àmúyangàn ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lójú ara wọn lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ àyè fún àwọn ọmọ mi, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tí ìtìjú mú.

Ọdún tó kọjá ni, nígbà òjò. Kò sẹ́ni tó tíì kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ síbì kankan rí kí wọ́n lọ fojú rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Mo bẹ ọ̀gá àgbà wa títí wọ́n fi gbà, ṣọ́ọ̀ṣì kan yá wa ní bọ́ọ̀sì méjì, mo sì kó ọmọ méjìdínlógójì sínú wọn. Ẹ mọ ọ̀nà Inísà sí Òkukù, kò jìn. Orin tí wọ́n dá kò tíì parí tí a fi dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wọnú ilé yẹn tí wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ nínú omi, àwọn tó ń ti ara wọn kiri ní ẹnu ọ̀nà dákẹ́ lójijì. Bàbá, ẹ̀yin náà ti jẹ́ tíṣà. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí tíṣà lè fi gbogbo ayé rẹ̀ wá.

Bàbá Látúndé dúró láàrin wọn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ̀yin ọmọ Inísà, ẹ káàbọ̀ o. Inú ọbẹ̀ lẹ ti mọ ẹja. Lónìí, ẹja ló máa wò yín.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá Látúndé fi bí wọ́n ṣe ń fún àwọn ẹja lóúnjẹ hàn wá. Ohun tí wọ́n fi ìka méjì ṣà kò tó ìwọ̀n iyọ̀ tí a ń bù sí ẹyin. Wọ́n ní ìyẹn tó lójúmọ́, wọ́n ní bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù, omi yóò bàjẹ́, nínú omi náà sì ni àwọn ẹja ti ń mí. Mo gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé n kò mọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀dé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé ní Inísà níbí. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣáájú nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ìbéèrè, èmi náà ní láti lọ wá ìdáhùn sílé. Òun ló bi Bàbá Látúndé bóyá ẹja máa ń sùn, bóyá ó sì ń mọ̀ pé gíláàsì wà níwájú òun. Bàbá Látúndé yíjú sí mi, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ ṣọ́ eléyìí dáadáa o.” Mo ní mo ti ń ṣọ́ ọ.

Òjò dé. Bí ó ti ń rọ̀ ni ẹ̀rọ atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́, ó ń kú, ó ń jí. Bàbá Látúndé wọ aṣọ òjò, wọ́n pe ọlọ́kadà kan, wọ́n fẹ́ lọ mú ẹni tó ń tún un ṣe wá láti Ìkìrun.

“Tíṣà, ilé dọwọ́ yín o. Kí wọ́n má gbá gíláàsì.”

“Ẹ máa lọ, Sà. Ọmọ gidi ni wọ́n.”

Nítorí òjò, inú ilé náà ni àwọn ọmọ ti ṣí oúnjẹ wọn. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló pọ̀ jù, búrẹ́dì tẹ̀lé e, ọ̀kan tàbí méjì gbé ìrẹsì. Wọ́n jókòó sílẹ̀ káàkiri, ẹ̀yìn wọn sí ara wọn, ojú wọn sí gíláàsì. Àwọn ẹja náà rí ènìyàn lẹ́bàá àpótí, ó sì ti mọ́ wọn lára pé bí ènìyàn bá dúró báyẹn, oúnjẹ ti dé. Wọ́n rọ́ wá síwájú, wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé.

Bàbá, ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jẹun. Ẹ ó wẹ ọwọ́, ẹ ó gbé e sókè lórí abọ́ kí omi rẹ̀ lè ro, ẹ ó sì kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí, ẹ ó pè é pé kó wá bá yín jẹun. Ọ̀pọ̀ á ní kó gba ibi ire, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó wá ka mítà iná wọlé lóòótọ́, ó jókòó, ó jẹ iyán yín tán tòun tẹran, Màmá sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bínú. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín ni, ẹ ní ẹni tí a pè kò jalè. Bí a ti tọ́ wa nìyẹn. Bí wọ́n ti tọ́ gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé ẹja lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn, kí wọ́n má jẹun lójú ẹni tó ń wò wọ́n láìpè é.

Bọ́sẹ̀dé wo àwọn ẹja fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó sún pákó tó bo orí àpótí sẹ́yìn, ó bu ẹ̀kọ rẹ̀.

“Ẹ wá jẹun o. Ẹ̀kọ ni.”

“Ẹja wo ló ń jẹ ẹ̀kọ?” ọmọkùnrin kan pariwo.

“Ará Òkukù mà ni wọ́n,” òmíràn dáhùn. “Kí ni wọn ò ní jẹ?”

Gbogbo ilé fi ẹ̀rín bú. Ẹja kan sì jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ó gbé e mì, ó tún la ẹnu.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí nìyí. Inú mi dùn dé ibi tí ó ṣòro láti sọ. Mo dìde, mo gbé ohùn tí ẹ fi kọ́ mi sókè, mo sì yin ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní ọmọ tó jáde nílé ire nìyí, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò lè gbà kí ẹlòmíràn máa wo òun lẹ́nu, ìbáà tilẹ̀ ṣe ẹja inú omi. Mo ní bí a bá ní irú Bọ́sẹ̀dé mẹ́wàá ní Inísà, ebi kò ní mọ ọ̀nà ìlú wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ó fi orí balẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi débi pé n kò fẹ́ kó tán. Mo wá wo àwọn tó kù, mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, Bàbá. Gbogbo wọn dìde. Kò sí àpótí tí wọn kò ṣí. Mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú epo rẹ̀, búrẹ́dì, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló wọnú omi, wọ́n sì ń pe àwọn ẹja ní ẹ̀gbọ́n, ní bàbá, ní ìyàwó, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun yó. Mo dúró láàrin wọn, mo ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ní kí wọ́n kọ sínú ìwé ní wákàtí kan ṣáájú ti fò lọ lórí mi pátápátá.

Nígbà tí Bàbá Látúndé padà dé pẹ̀lú ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, òjò ti dá, a ti bo gbogbo àpótí padà, bọ́ọ̀sì sì ti ń fọn fèrè. Wọn kò ráyè wo inú omi, ẹ̀rọ ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n juwọ́ sí wa. Èmi náà juwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn béèrè ohun tí àwọn ọmọ jẹ. Kí n tó dáhùn, mo ti mọ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ. Epo ti lẹ̀ sí ojú omi, omi náà funfun bí omi ògì, àwọn ẹja sì ti yí ikùn sókè. Àwọn ẹja Ọ̀tìn tí wọn kò rí mọ́ nínú àwọ̀n, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n wú. Ojìjí nìkan ló ṣì ń mí, ẹ̀gbẹ́ ló fi dùbúlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, wọ́n ti gbé abọ́ wá.

“Bàbá, ẹ fún wa, ká tètè yan án kó tó rùn.”

“Ẹ ní ẹ fẹ́ sin wọ́n kẹ̀? Ẹja? Ta ló ń sin ẹja?”

Bàbá Látúndé ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì ya ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà, ó dára, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Tíṣà, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ bá mi gbé apá ibẹ̀ yẹn.”

A jọ gbé wọn. Ìgbà mẹ́fà la lọ tí a bọ̀. Wọ́n gbé ojìjí lọ sí odò fúnra wọn nínú garawa. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó tán, ọmọ wọn ti wá mú wọn lọ sí Ìlọrin. Àwọn àpótí ṣì wà níbẹ̀, òfìfo, pẹ̀lú àwọn orúkọ lára pátákó. N kò gbọ́ ohùn Bàbá Látúndé mọ́. Mo pe fóònù wọn títí, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ǹjẹ́ ẹ̀yin ìbá ti gbé e?

Bí ó bá parí síbẹ̀, Bàbá, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu. Àṣìṣe ni, àṣìṣe sì ń bẹ nínú iṣẹ́ wa. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí n lè wo fọ́tò yín lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn aláṣẹ. Ọ̀gá àgbà fún mi ní ìwé wí-tẹnu-rẹ, wọ́n ní kí n kọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó sí tábìlì yìí gan-an. Mo kọ ojú ìwé méjì, ó dán, ó mọ́. Mo kọ nípa òjò. Mo kọ nípa ẹ̀rọ tó ń wúkọ́. Mo kọ pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ló kọ́kọ́ ṣí àpótí, tó sì ju ẹ̀kọ sí i, pé àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Mo kọ orúkọ Bọ́sẹ̀dé síbẹ̀, àti orúkọ bàbá rẹ̀. Kò sí irọ́ kan nínú ìwé náà. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́. Mo kàn fi ìyìn mi sílẹ̀, mo fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ méjì yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti mọ ohun tó yẹ kí a yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ kó lè fúyẹ́. Ṣé irú èyí ni ẹ ní lọ́kàn?

Ní ọjọ́ Ajé, lórí ìlà àárọ̀, wọ́n pe Bọ́sẹ̀dé jáde. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ dúró. Èmi wà láàrin àwọn tíṣà, lábẹ́ igi.

“Ta ló ní kí o ṣe é?” ni ọ̀gá àgbà bi í.

Ó wò mí. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń dúró dè mí ni. Ẹnu mi tí kì í di, tí àwọn ènìyàn ń wá láti Ìkìrun wá gbé lọ síbi ayẹyẹ wọn, Bàbá, ó di.

“Kò sẹ́ni, Sà,” ni ó wí.

Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó tó padà, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Olóúnjẹ Ẹja, wọ́n ń fi ẹ̀kọ sórí àga rẹ̀. Ó wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, àga náà ṣófo. Ìyá rẹ̀ àgbà mú un lọ sí Ìkìrun láti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá àgbà náà ní ìwé kíkà tó ń sọ ọmọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́, òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Òun náà kò mọ̀ pé èmi ni mo fà á.

Ǹjẹ́ ẹ ti dákẹ́ rí nígbà tó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀? Gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú yín ló ní ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, ohùn mi ló tilẹ̀ lọ sókè jù. Nísinsìnyí mo ń bẹ̀ yín kí ó máà jẹ́ òótọ́. Mo ń wá ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé yín tí ẹ dà bí mi.

Mo gbé oṣù mẹ́jọ kí n tó lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo kọ ìwé mìíràn, ìlà márùn-ún péré, mo fi ohun gbogbo síbẹ̀. Wọ́n kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

“Mà, ọ̀rọ̀ yẹn ti kú. Kí lẹ fẹ́ jí i fún? Ẹni rere ni yín, gbogbo wa la mọ̀.”

Wọ́n ní bí ọmọ náà bá fẹ́ padà, àyè wà. Wọ́n fi ìwé mi sínú fáìlì, wọ́n pa á dé. Wọ́n wá béèrè bóyá n ó bá wọn kọ ọ̀rọ̀ ìkíni fún ọjọ́ ẹ̀bùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wá Bọ́sẹ̀dé lọ sí Ìkìrun. Mo ra áńkárá dání kí n má baà dà bí ẹni tó wá dá wàhálà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìn sí ibi tí àwọn ọkọ̀ Òṣogbo ti ń gbé èrò. Ìdí ẹ̀rọ ló wà, ó ti ga sí i, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn.

“Bọ́sẹ̀dé, tíṣà yín mà ni!” ni ọ̀gá rẹ̀ wí. “Ẹ jókòó, Mà. Iṣẹ́ ń yá lọ́wọ́ ọmọ yìí, ẹ ò ní gbà á gbọ́.”

Ó kúnlẹ̀ kí mi. N kò jókòó. Lójú ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì yòókù, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àtẹ́wọ́ títí dé orí ìwé ojú méjì. Mo ní èmi ni, kì í ṣe òun. Bọ́sẹ̀dé gbé téèpù kọ́ ọrùn, ó ń wo áńkárá tó wà lọ́wọ́ mi.

“Mo mọ̀, Mà. Mo wà níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí a má máa já àgbà nírọ́ lójú èrò, Mà.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń gún ni. Bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ àmúrelé fún tíṣà ló ṣe sọ ọ́. Mo sọ fún un pé àyè rẹ̀ ṣì wà, pé mo ti bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, pé èmi fúnra mi ni n ó máa gbé ìwé rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gba áńkárá náà lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó yẹ ojú rẹ̀ wò.

“Mi ò padà mọ́, Mà. Ẹ na ọwọ́ yín, kí n wọ̀n ọ́n.”

Mo na ọwọ́ mi. Kí ni n ó tún ṣe? Ó wọn apá mi, ó wọn èjìká mi, ó yí téèpù mọ́ àyà mi, ó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé kékeré kan. Mo wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Kò tíì bàjẹ́.

Àná ni mo lọ gba gáùn náà. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù, mo sì jáde síwájú dígí. Bàbá, ó bá mi mu bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Òdòdó ara aṣọ náà pàdé níbi tí ó yẹ kó pàdé, kò sí ibi tó kákò. Mo yíjú sí Bọ́sẹ̀dé. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi, ẹ mọ irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó tọ́ sí i, tí òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bọ́sẹ̀dé dúró tòun ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu mi. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ le, bíi ti ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Ìyìn mi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní, “O ṣeun.” Ó ní, “Kò tọ́pẹ́, Mà,” èjìká rẹ̀ sì rọ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ sùn re, Bàbá. N kò bẹ yín pé kí ẹ dárí jì mí, torí n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ni ẹjọ́ náà wà.

Ọmọbìnrin yín, tó ń ṣàárò yín lójoojúmọ́, tí kò sì ní ẹlòmíràn tí yóò ka èyí fún.